Kí Ìforúkọsílẹ̀ WAEC Tó Kásẹ̀ Nílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Ìwé Ọmọ Yín Wò Láti SS1 Dé SS3

Tí èsì WAEC bá ti jáde, irú òbí kan wà tó máa ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Agbowó, n'Ìbàdàn. Ẹ̀rín á kún ẹnu rẹ̀. Á na fóònù sí mi pé ọmọ òun gba kírẹ́díìtì méje, kí n bá òun wo yunifásítì tó dáa. Màá béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ kà. "Lọ́ọ̀ ni o." Màá wo èsì náà látòkè délẹ̀, mi ò ní rí Lítíréṣọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ò fìdí rẹmi nínú rẹ̀ o. Kò tiẹ̀ jókòó ṣe é ni. Láti SS1 ni wọ́n ti pín in sí kíláàsì tí wọn kì í ti í ṣe Lítíréṣọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tún béèrè títí ọdún mẹ́ta fi pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n ka jíjáde ní SS3 àti kí ìwé ọmọ pé sí nǹkan kan náà. Ó wá burú sí i nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe ní 2025, tí ìkéde ń gun orí ìkéde. Ẹni tó wà ní SS1 gbọ́ ti SS3, ẹni tó wà ní SS3 gbọ́ ti SS1, kálukú sì mú èyí tó wù ú.

Ìrọ̀lẹ́ méjì péré ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí máa gbà yín. Tí ọmọ yín bá ti ṣe WAEC tán, ẹ fò lọ sí Ìpele 7.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KỌ́KỌ́ KÓ JỌ

- Ìwé NIN (nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ọmọ náà, èyí tí nọ́ḿbà oní-díjíìtì 11 wà lórí rẹ̀.
- Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀.
- Káàdì èsì rẹ̀ láti SS1 títí di ìsinsìnyí.
- Orúkọ gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe, bí ilé ìwé ṣe kọ ọ́, kì í ṣe bí ọmọ ṣe kà á lórí ahọ́n.
- Orúkọ kọ́ọ̀sì méjì tó wù ú, àti ilé ẹ̀kọ́ méjì tó ti fẹ́ kà á.
- Fóònù tó ní dátà, bébà, bírò.
- Ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí bàbá tó yan Ẹnjiníà fún ọmọ tí kì í dúró wo Físíìsì lẹ́ẹ̀mejì.

ÌPELE 1: Ẹ ya ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Èkíní ni tẹsitimóníà tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń kọ fún ọmọ, pé lágbájá wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, ìwà rẹ̀ rí báyìí. Èkejì ni sátífíkéètì WAEC tàbí NECO, tàbí ti NABTEB fún àwọn tó gba ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń dì mọ́wọ́, àmọ́ òun ló ń ṣílẹ̀kùn: kí kírẹ́díìtì tó wà lórí sátífíkéètì bá ohun tí kọ́ọ̀sì ń béèrè mu.

Kírẹ́díìtì bẹ̀rẹ̀ láti A1, ó gba B2, B3, C4 àti C5 kọjá, ó sì parí sí C6. D7 àti E8, ó yege ni, kì í ṣe kírẹ́díìtì. F9 ò ní àlàyé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: òbí á ka D7 mọ́ ọn, á ní ọmọ òun ní kírẹ́díìtì mẹ́fà, márùn-ún ló ní. Tí D7 yẹn bá wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bi ọmọ pé, "Tí o bá ní A1 mẹ́ta, C6 mẹ́ta, D7 méjì, E8 kan, kírẹ́díìtì mélòó nìyẹn?" Tó bá dá yín lóhùn pé mẹ́fà láìronú, ẹ tẹ̀ síwájú.

ÌPELE 2: Ẹ mọ sẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yín wà

Òun ló gba sùúrù jù. Òfin ilé ìwé kì í yí fún gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀tì sí sẹ́ẹ̀tì ló ń yí.

Nínú ìlànà àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2011, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló jẹ́ dandan fún ọmọ SS: Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Civic Education, àti iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní trade subject. Trade 34 ló wà lórí ìwé. Lára àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ wa, Data Processing, Marketing àti Animal Husbandry ni mo máa ń rí jù.

Ìlànà tuntun tí wọ́n kéde ní 2025, fún sáà 2025/2026, fẹ́ dín ẹrù kù lórí ọmọ. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì 8 sí 9 ni ọmọ SS máa ṣe. Dandan inú rẹ̀ ti di márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Citizenship and Heritage Studies, Digital Technologies, àti trade kan. Trade 34 náà ti di 6: fífi iná sólà sílé àti títún un ṣe, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tí mẹ́sàn-án bá jẹ́ òpin, tí márùn-ún sì jẹ́ dandan, mẹ́rin péré ló kù tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ọmọ tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn á fi Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì gba mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan. Ọmọ áàtì tó fẹ́ Lítíréṣọ̀, Gọ́fámẹ́ǹtì, Yorùbá àti CRS (ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni) tàbí IRS (ti Mùsùlùmí), àyè rẹ̀ ti kún bámú. Kò sí ààyè fún "jẹ́ ká fi Ẹkọnọ́míìsì kún un, bóyá ó máa wúlò" mọ́. Nínú ìlànà àtijọ́, márùn-ún ni àyè yẹn. Torí náà, ọmọ tó wà lórí ìlànà tuntun gbọ́dọ̀ tètè mọ ibi tó ń lọ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Èmi fẹ́ràn pé wọ́n dín trade kù, torí mo mọ ọmọ tó ṣe Data Processing fún ọdún mẹ́ta láì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àmọ́ sólà náà ń fẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, aṣọ rírán ń fẹ́ máṣíìnì. Tí ilé ìwé bá sọ fún yín pé sólà làwọn mú, ẹ rọra béèrè pé níbo ni pánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún wà.

Ẹ ṣọ́ra: ọmọ tó wọ SS1 ṣáájú sáà 2025/2026, orí ìlànà àtijọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba àwòrán WhatsApp gbọ́ kí ẹ sọ fún un pé kó ju Civic Education dà nù. Ilé ìwé ni kó sọ ọ́ fún yín, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lọ bá pírínsípà tàbí igbákejì rẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sẹ́ẹ̀tì ọmọ wa yìí, sọ́bújẹ́ẹ̀tì dandan wo àti wo lẹ máa forúkọ wọn sílẹ̀ fún ní WAEC?" Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lójú wọn. Tí wọ́n bá dá yín lóhùn pẹ̀lú "a ṣì ń retí sẹ́kúlà", ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá wá jẹ́ ilé ìwé ìjọba, tí ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀ jù, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wà ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ béèrè níbẹ̀.

ÌPELE 3: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, láti kọ́ọ̀sì wá sí kíláàsì

Ẹ ká bébà sí méjì. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ àti ohun tó ń béèrè. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ọmọ ń ṣe ní kíláàsì báyìí.

Ibi tí ẹ ti máa rí ti ọ̀tún ni IBASS, ìkànnì JAMB (àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga) tí wọ́n kó ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ tẹ kọ́ọ̀sì, á fún yín ní nǹkan méjì: èyí tí wọ́n ń fẹ́ nínú WAEC, àti mẹ́rin tí ọmọ máa ṣe ní JAMB. Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà nínú mẹ́rin yẹn.

Díẹ̀ rèé kí ẹ lè rí bó ṣe ń lọ. Ìṣègùn àti Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì, wọn kì í gba pààrọ̀. Akáńtì ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Maths àti Ẹkọnọ́míìsì mọ́ méjì mìíràn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè Lítíréṣọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa ka Lọ́ọ̀. Ọmọ tó fẹ́ ka èdè Yorùbá gan-an ní yunifásítì, kó ṣe Yorùbá. Ó yẹ kí ìyẹn má nílò àlàyé, àmọ́ ilé ìwé aládàáni wà nígboro yìí tí wọn kì í kọ́ ọ rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: òbí á wo ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Kọ́ọ̀sì kan náà lè yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Ẹ wo méjì, kí ẹ tẹ̀ lé èyí tó le jù nínú wọn. Bí ọmọ bá ń lé UI (Yunifásítì Ìbàdàn), kó yáa mọ̀ pé WAEC nìkan ò tó: ẹni tó bá fẹ́ ṣe Post-UTME ibẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, gbọ́dọ̀ ní 200, ó kéré tán, nínú 400 ti JAMB.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fa ìlà láti sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tún lọ sí ìkejì rẹ̀ ní òsì. Èyí tí ìlà ò bá kàn ní ọ̀tún, wàhálà nìyẹn. Ní SS1, ó ṣeé tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní SS2, ó ṣeé ṣe pẹ̀lú lẹ́sìnnì. Ní SS3, ẹ máa fi GCE (WAEC tí èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ ilé ìwé) tàbí NECO ṣe é.

ÌPELE 4: Ọ̀rọ̀ Maths

Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí gbígba ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó ń lọ yunifásítì máa ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ó kéré tán, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Kírẹ́díìtì Maths jẹ́ dandan fún sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sósà sáyẹ́ǹsì. Fún àwọn ọmọ áàtì, kì í ṣe dandan mọ́. ND (dípúlọ́mà) ní pólì ń fẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́rin, Maths fún ẹni tó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn yòókù. NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) náà ń fẹ́ mẹ́rin: Gẹ̀ẹ́sì fún áàtì àti sósà sáyẹ́ǹsì, Maths fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ìròyìn yìí dé ìgboro, ló bá di "ìjọba ti fagi lé Maths". Ọmọ kan láti Sáńgo sọ fún mi pé òun ti fi ìwé Maths òun tọrẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iléeṣẹ́ náà tún jáde pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀ o: gbogbo ọmọ ló ṣì máa forúkọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Maths ní WAEC àti NECO. Ohun tó yí ni ohun tí yunifásítì máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ áàtì lẹ́yìn tí èsì bá dé.

Ẹ fi ọkàn sí ohun mẹ́ta níbí. Ọmọ kọmáṣíà kì í ṣe ọmọ áàtì. Akáńtì, Báńkì àti Ẹkọnọ́míìsì ṣì ń fẹ́ Maths. Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ kan lè pinnu láti máa béèrè ju ohun tí ìjọba là sílẹ̀ lọ. IBASS lẹ máa fi mọ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọ tó ní 17 lè yí ọkàn padà ní 19. Bí mo bá ní ọmọ ní áàtì lónìí, á ṣe Maths bí ẹni pé ìkéde yẹn ò wáyé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: káàdì èsì tó kẹ́yìn. Bí Maths bá wà lábẹ́ 50, ẹ wá olùkọ́ báyìí, kì í ṣe lóṣù mẹ́ta sí ìdánwò.

ÌPELE 5: Orúkọ, ọjọ́ orí, NIN

Kékeré ni èyí ń jọ, òun ló sì ń gba owó jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ ọmọ. Ọwọ́ ilé ìwé ni WAEC ti ń gbà á. Tí ilé ìwé bá kọ Sulaimon, tí NIN ní Sulaiman, ọmọ méjì lẹ ní lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Seun àti Oluwaseun. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, NIN àti orúkọ tí ilé ìwé fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kà wọ́n lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Èyí tó bá ṣì, ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí WAEC. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN wọ́n ju ti orúkọ lọ dáadáa, ẹ má fi falẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, 18 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, fẹ́ kó jẹ́ ní 2024. Tunji Alausa tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà sí 16. Ọmọ tí kò tíì pé 16 lọ́dún tó fẹ́ wọlé, ẹ má fi JAMB lé e. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó kọ́ iṣẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: láti orí síìmù tó wà lórúkọ ọmọ, ẹ tẹ NIN, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ tẹ nọ́ḿbà 11 náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019. Tí kóòdù tí JAMB fi ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ (profile code) bá dé, tí orúkọ tó bá a wá sì bá ìwé ilé ìwé mu, ó ti parí.

ÌPELE 6: Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀

WAEC kì í gba kéré sí sọ́bújẹ́ẹ̀tì 8, kì í sì gba ju 9 lọ. Ilé ìwé ló ń tẹ orúkọ wọlé, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń tẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn lálẹ́, nígbà tí iná ń ṣẹ́jú. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé tí wọ́n fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ jáde, kí ọmọ kà á kó tó buwọ́ lù ú. Mo rántí ọmọbìnrin kan tí wọ́n tẹ CRS fún, ọmọ Alhaji ni. Ọjọ́ ìdánwò ló mọ̀.

Ilé ìwé náà tún ń fi máàkì SS1 sí SS3 ránṣẹ́ sí WAEC. Ọmọ tó bá ń pa tẹ́ẹ̀sì àárín tààmù jẹ, ó ń bu nǹkan kan jẹ nínú WAEC rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní kí ẹ gbé ọmọ kúrò lọ sí "ibi tí wọ́n ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́" ní SS3. Yàtọ̀ sí pé ìwà jìbìtì ni, ìjọba àpapọ̀ ti ní láti sáà 2026/2027, ilé ìwé kankan ò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun sí SS3 mọ́. SS1 àti SS2 nìkan.

Ní ti kọ̀ǹpútà: iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ kí WAEC àti NECO kúrò lórí bébà, àwọn aṣojú-ṣòfin sì ní kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fà á. Orí kọ̀ǹpútà ni JAMB wà tẹ́lẹ̀, ọmọ á kúkú kọ́ ọ. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ní káfè tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde yẹn àti bébà tí ẹ ká sí méjì ní Ìpele 3, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí méjèèjì.

ÌPELE 7: Nígbà tí èsì bá dé

Ẹ má sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì pa ewúrẹ́. Ní 2025, WAEC gbé èsì jáde lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Maths wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àṣìṣe wà níbẹ̀, wọ́n fà á padà, wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó di 62.96. Àwọn ọmọ tó ti gba F9 nínú Gẹ̀ẹ́sì jí rí kírẹ́díìtì. Ẹ wo èsì lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun.

Tí kírẹ́díìtì kan bá sì kù díẹ̀ káàtó, ìjókòó kejì wà: NECO tàbí WAEC GCE. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó kù nìkan ni kó múra sí jù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ́ọ̀sì tó ń lọ gba ìjókòó méjì.

Ó wá ku ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù. JAMB kì í lọ wo èsì ọmọ lọ́dọ̀ WAEC fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi "à ń retí èsì" forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ sí ibùdó CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n bá a gbé èsì náà sókè. Káfè lásán ò lè ṣe é; tí wọ́n bá fún yín ní bébà tí wọ́n kàn tẹ èsì WAEC sí, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ọmọ wọ inú JAMB CAPS rẹ̀ (ibi tí JAMB ti ń ṣe ètò ìgbaniwọlé lórí ìkànnì) lórí fóònù, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ O'Level sí. Tó bá rí sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti gírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ḿbà ìdánwò rẹ̀ sì pé, ó ti wọlé. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ padà síbùdó náà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ mú rìsíìtì yín dání.